Gíláídà onírìmóòtù àkọ́kọ́: bí ẹ ṣe máa yàn án àti bí ẹ ṣe máa fọwọ́ ara yín ṣe é

Gíláídà ni bàálù tí kò gbára lé ẹ́ńjìnnì. Okùn tàbí ọwọ́ ló ń gbé e ròkè. Tó bá ti dókè tán, ó ku òun àti afẹ́fẹ́. Iṣẹ́ tí àwòdì ń ṣe náà nìyẹn lọ́sàn-án gangan, nígbà tí ẹ bá rí i tó ń yí po lójú ọ̀run láìju apá. Èyí tí a fẹ́ ṣe níbí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń wọ̀. Apá rẹ̀ kò ju mítà kan ààbọ̀ lọ, orí ilẹ̀ lẹ óò dúró sí tí ẹ óò máa fi rìmóòtù darí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn kí a tó bẹ̀rẹ̀: gíláídà àkọ́kọ́ máa já lulẹ̀. Kò sẹ́ni tí tiẹ̀ kì í já. Nítorí náà, èyí tó rọrùn láti tún ṣe ni kí ẹ yàn, ẹ jẹ́ kí èyí tó lẹ́wà jù ṣì dúró ná. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ gé apá, tó fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ẹ́, bó bá kán lónìí, ọ̀la ló máa padà sí pápá. Ẹni tó ra tiẹ̀ nínú páálí á ṣì máa wá ẹni tó máa bá a ra apá tuntun bọ̀ láti òkè òkun.

Èwo ni ká yàn?

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn èèyàn ń gbà wọnú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ti fóòmù tí ilé iṣẹ́ ti ṣe tán, irú bíi Radian tí E-flite ń tà tàbí EasyGlider ti Multiplex. Apá Radian tó mítà méjì, ó ní ẹ́ńjìnnì oníná kékeré nímú tó ń gbé e ròkè, bí ẹ bá sì ti pa á, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ á ká mọ́ra. Ẹ lè tú u nínú páálí láàárọ̀ kí ẹ gbé e fò nírọ̀lẹ́. Bí owó bá wà tí àyè iṣẹ́ ọwọ́ kò sì sí, n kò ní bá yín jiyàn.

Ìkejì ni ti igi balsa, igi tó fúyẹ́ gan-an, tó jẹ́ pé orílẹ̀-èdè Ecuador ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá. Gentle Lady tí ilé iṣẹ́ Carl Goldberg ṣe, tí apá rẹ̀ tó mítà méjì, irú rẹ̀ ni. Ó dùn-ún wò, ó sì máa ń fò bí ẹni tí kò kánjú. Àmọ́ egungun kéékèèké inú apá rẹ̀ pọ̀, tó bá fimú gúnlẹ̀, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lè bá a lọ.

Ìkẹta ni foam board, pátákó fóòmù tí wọ́n lẹ bébà mọ́ lójú méjèèjì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ yíya àwòrán ilé máa ń fi ṣe àwòṣe ilé kékeré, nítorí náà ẹ óò rí i ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́ ìyàwòrán. Kò wọ́n, ọ̀bẹ réésà ló ń gé e. Òun la máa lò.

Ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà, ẹ má jẹ́ kí ẹwà tàn yín. Ẹ wo bí apá ṣe gùn: mítà kan ààbọ̀ sí méjì ló dára. Bàálù kékeré kì í ṣe ti ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, nítorí ó máa ń sáré jù, ó sì máa ń pòórá lójú kíákíá. Ẹ wo ṣóńṣó apá: ó yẹ kí méjèèjì gbé sókè. Bí irú bàálù bẹ́ẹ̀ bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, òun fúnra rẹ̀ ló máa padà dọ́gba bí ẹ bá fi rìmóòtù sílẹ̀, ohun tó sì máa gba ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ là jù lọ nìyẹn. Ẹ wo ohun tí wọ́n fi ń darí rẹ̀: kí ó jẹ́ rudder, tó ń yí ìrù sọ́tùn-ún sósì, àti elevator, tó ń mú imú lọ sókè tàbí sódò. Ó tán. Aileron, ìyẹn abala tó máa ń ṣí sókè sódò lẹ́yìn apá, ẹ jẹ́ kí ó di ti bàálù kejì.

Lẹ́yìn èyí ni ìṣirò kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Ẹ fi ìwọ̀n bàálù ní gíráàmù pín pẹ̀lú gbogbo ojú apá, ìyẹn gígùn rẹ̀ lọ́nà fífẹ̀ rẹ̀, ní décímítà onígun mẹ́rin (décímítà kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá). Apá tiwa gùn ní décímítà 15, ó fẹ̀ ní 2, ó di 30. Bí gbogbo bàálù bá wọn gíráàmù 650, ó máa fún yín ní bíi 22. Láàárín 15 sí 25, ẹ óò ráyè ronú kí ẹ tó fọwọ́ kan rìmóòtù. Tó bá ti ń kọjá 30, eré ló máa máa sá, ọwọ́ yín kò sì tíì yá tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ yín lè fẹ́ èyí tó jọ bàálù ogun. Ẹ sọ fún un pé ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ohun tí ẹ máa nílò

Foam board mẹ́ta tó nípọn ní mìlímítà (mm) 5, ní ìwọ̀n A1, ìyẹn 841 sí 594 mm. Ọ̀pá carbon 6 mm kan tó gùn ní 800, àti ọ̀kan tó nípọn ní 10 mm, tó gùn ní 700. Plywood 3 mm díẹ̀. Servo kékeré méjì, ìyẹn mọ́tò tó máa ń yí rudder àti elevator, àwọn tí wọ́n ń pè ní 9 gíráàmù. Wáyà líle 1 mm méjì pẹ̀lú ọ̀pá ike oníhò tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n máa máa yọ́ gba inú rẹ̀. Sẹ́lótéèpù fífẹ̀, rúlà onírin, ọ̀bẹ réésà pẹ̀lú ojú tuntun púpọ̀. Ọ̀bẹ tí ojú rẹ̀ ti kú kì í gé fóòmù, ńṣe ló máa ń fà á ya.

Gọ́ọ̀mù mẹ́ta ni: ti ìbọn gọ́ọ̀mù gbígbóná, gọ́ọ̀mù funfun táwọn káfíńtà ń lò, àti epoxy, gọ́ọ̀mù líle tí wọ́n máa ń po méjì pọ̀ kó tó gan. Ẹ jẹ́ kí súpágúlùù jìnnà sí iṣẹ́ yìí. Polystyrene ni fóòmù inú foam board, súpágúlùù lásán á sì jẹ ẹ́ di ihò lójú yín.

Rìmóòtù ni ẹ má fi ṣe ahun, nítorí òun kì í bá bàálù já. Kí ó jẹ́ 2.4 GHz, kí ó ní ṣánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin ó kéré tán; ṣánẹ́ẹ̀lì kan ló ń darí nǹkan kan. Mẹ́fà dára, torí bàálù kejì àti ìkẹta náà á lò ó. FlySky FS-i6 wà lára àwọn tí owó wọn kò ga tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. Rìsífà tó bá a mu, ìyẹn ohun tó ń gba àṣẹ rìmóòtù, ló máa wà nínú bàálù. Fún bátìrì inú bàálù, ẹ ra NiMH AA mẹ́rin tó ṣeé gba iná sí. Àwọn kan á ní kí ẹ lo AAA torí ó fúyẹ́. Ẹ má dá wọn lóhùn: imú bàálù yìí nílò ìwúwo, bó bá sì jẹ́ pé a máa fi òjé síbẹ̀ bó ti wù kó rí, ó sàn kí ìwúwo náà jẹ́ iná tí a lè lò.

Apá

Apá ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ara lè wọ́, ìrù lè má dán, bàálù á ṣì fò. Àmọ́ apá tó bá lọ́, kò sí rìmóòtù tó máa wò ó sàn. Ẹ fara balẹ̀ níbí.

A pín in sí mẹ́ta: àárín tó gùn ní 800 mm, àti ṣóńṣó méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní 350. Láti etí iwájú dé etí ẹ̀yìn, 200 mm ni jákèjádò. Foam board kan máa gba àárín, ìkejì máa gba ṣóńṣó méjèèjì, ara àti ìrù á lọ sórí ìkẹta.

Fún àárín, ẹ gé pátákó tó gùn ní 800 mm, tó fẹ̀ ní 420. Ẹ fa ìlà gbọọrọ sí 200 mm láti etí kan: ibẹ̀ ni etí iwájú apá máa wà. Ìhà tó jẹ́ 200 ni ìsàlẹ̀, ìhà tó jẹ́ 220 ni òkè, nítorí òkè máa tẹ̀ kọrọdọ, ó sì máa gba àyè díẹ̀ sí i. Níbi ìlà yẹn, ẹ gé bébà inú àti fóòmù, kí ẹ má gé bébà ìta. Ẹ yọ fóòmù tó fẹ̀ tó 6 mm kúrò níbẹ̀ kí ó lè ríbi ká. Ẹ wá bó bébà inú kúrò lára ìhà òkè. Bó bá ń ṣagídí, ẹ fi aṣọ tútù nù ún, ẹ dúró díẹ̀, á ṣí. Bí bébà bá ti kúrò, ẹ máa fa ìhà yìí lórí etí tábìlì díẹ̀díẹ̀ títí á fi tẹ̀ láìkán.

Egungun apá ló kàn. Ẹ gé ọ̀já foam board tó ga ní 12 mm, tó gùn ní 800. Ẹ lẹ̀ ẹ́ dúró sórí ìsàlẹ̀ apá, ní 60 mm sí etí iwájú, kí ẹ sì lẹ ọ̀pá carbon 6 mm mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ gbọọrọ. Nígbà tí okùn bá ń fa bàálù ròkè, ọ̀pá yìí ni gbogbo rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀.

Ní báyìí ẹ máa ká òkè bo ìsàlẹ̀. Gọ́ọ̀mù gbígbóná kò dára níbí, torí kí ẹ tó fi dé ìpẹ̀kun kejì, ti ìbẹ̀rẹ̀ ti tutù. Gọ́ọ̀mù funfun ni kí ẹ fi sórí egungun àti sí etí ẹ̀yìn. Ẹ ká a, ẹ fi sẹ́lótéèpù dì í mú, ẹ to ìwé ńláńlá lé e lórí, kí ẹ sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tábìlì tó tẹ́jú ni mo wí o. Bí tábìlì bá tẹ̀, bó ṣe tẹ̀ ni apá náà máa gbẹ. Tó bá gbẹ tán, ẹ gé àṣẹ́kù etí ẹ̀yìn kúrò.

Bákan náà ni ẹ ṣe máa ṣe ṣóńṣó méjèèjì, àmọ́ wọn kò nílò ọ̀pá carbon. Láti so wọ́n mọ́ àárín, ẹ gbé àárín kalẹ̀ kí ó tẹ́jú, ẹ to nǹkan sábẹ́ ìpẹ̀kun ṣóńṣó títí á fi ga ju tábìlì lọ ní 75 mm. Ẹ fi sáńpépà rin ìdí rẹ̀ títí tí yóò fi bá àárín mu láìsí àlàfo. Ẹ gé plywood tó ga ní 12 mm, tó gùn ní 120, tó tẹ̀ láàárín bí ṣóńṣó ṣe gbé sókè. Ẹ tì í wọnú níwájú egungun, ìdajì sí ìhà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi epoxy lẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sẹ́lótéèpù yí ojú ìsopọ̀ náà po.

Àyẹ̀wò wá kù. Ẹ dúró sẹ́yìn apá ní bíi mítà méjì, ẹ di ojú kan, kí ẹ wo etí ẹ̀yìn láti òsì dé ọ̀tún. Bí etí ẹ̀yìn ṣóńṣó méjèèjì bá gbé sókè díẹ̀, bíi 2 mm, tó sì dọ́gba, ẹ fi sílẹ̀, ó máa jẹ́ kí bàálù ní sùúrù nígbà tó bá rọra ń lọ. Bí ọ̀kan bá gbé sókè tí èkejì sì tẹ̀ sódò, ẹ fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun fẹ́ ẹ, ẹ rọra lọ́ ọ padà, ẹ dì í mú títí á fi tutù.

Ara àti ìrù

Ara kò le rárá: àpótí gbọọrọ ni, 460 mm ní gígùn, 50 ní fífẹ̀, 60 ní gíga. Ẹ fi ìdérí tó ṣeé ṣí sílẹ̀ nímú, torí ibẹ̀ ni bátìrì máa wà. Etí iwájú apá máa jókòó ní 230 mm sí imú. Ẹ gbé etí iwájú yẹn sókè ju etí ẹ̀yìn lọ ní 4 mm, kí ìrù sì tẹ́ gbọọrọ pẹ̀lú ara; ìyàtọ̀ kékeré yìí ló máa jẹ́ kí bàálù gbé ara rẹ̀ dúró lójú afẹ́fẹ́. Ọ̀pá carbon 10 mm máa wọnú ẹ̀yìn àpótí náà ní 120 mm, epoxy ló máa dì í mú.

Ìrù tó dùbúlẹ̀ máa gùn ní 450 mm, á fẹ̀ ní 115. Ẹ fi 35 tó kẹ́yìn ṣe elevator. Ìrù tó dúró máa ga ní 200, á fẹ̀ ní 120. 50 tó kẹ́yìn ni rudder. Bí ẹ ṣe máa ṣe wọ́n kí wọ́n lè máa yí: ẹ gé bébà òkè àti fóòmù, ẹ fi bébà kejì sílẹ̀ kó so wọ́n pọ̀, ẹ fi ọ̀bẹ gé etí fóòmù ní ìdagẹ̀ẹ́rẹ́, kí ẹ sì fi sẹ́lótéèpù bo bébà tó so wọ́n. Ẹ má ṣe kó gọ́ọ̀mù jọ síbẹ̀. Gíráàmù kan tí ẹ bá fi sí ìrù, ẹ máa fi méjì tàbí mẹ́ta san án nímú.

Apá kò gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ara. Ẹ gún igi rogodo 6 mm gba inú ara kọjá níwájú apá àti lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì fi rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó dè é, mẹ́ta sí mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí méjì nínú wọn gba orí ara wọn kọjá. Bí ṣóńṣó apá bá gbá igi tàbí ilẹ̀, rọ́bà á fò kúrò, apá á yí, kò sì ní kán.

Abẹ́ bàálù ni kí ẹ kùn. Ní àsìkò ọyẹ́, ojú ọ̀run máa ń funfun pẹ̀lú eruku, bàálù funfun á sì sọnù nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá. Pupa tàbí dúdú ló dára. Ẹ fi sẹ́lótéèpù dí gbogbo etí tí fóòmù ti hàn, nítorí ìrì koríko àárọ̀ máa ń wọ abẹ́ bébà, á sì ṣí i.

Servo àti rìmóòtù

Ẹ lẹ servo méjèèjì sínú ara, níwájú apá, kí wáyà wọn gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá lọ sí ìrù. Ẹ fi sẹ́lótéèpù so ọ̀pá ike oníhò náà mọ́ ọ̀pá carbon ní gbogbo 100 mm, kí wáyà má bàa máa tẹ̀ dípò kí ó ti rudder.

Ẹ so rudder mọ́ ṣánẹ́ẹ̀lì tó yẹ kí aileron wà. Èrèdí? Kí rudder àti elevator lè wà lórí ọ̀pá ọwọ́ ọ̀tún kan náà, bó ṣe wà nínú mode 2, ìtò rìmóòtù tí aileron àti elevator ti wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ kan á máa darí, ọwọ́ kejì á ráyè ju bàálù. Lára FlySky, ṣánẹ́ẹ̀lì 1 ni rudder máa lọ, elevator á lọ sí 2.

Kí rudder máa yí tó 25 mm sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, elevator 8 mm péré sókè àti sódò. Elevator tó bá ń yí jù ló máa ń sọ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ di ẹni tó ń gun ẹṣin abínú. Ẹ dúró sẹ́yìn bàálù: bí ẹ bá ti ọ̀pá sọ́tùn-ún, kí rudder yí sọ́tùn-ún, bí ẹ bá fa ọ̀pá sọ́dọ̀ ara yín, kí elevator ṣí sókè. Ẹ jẹ́ kí eriali rìsífà jìnnà sí carbon, torí carbon máa ń dínà fún rédíò. Bó bá jẹ́ méjì, kí ọ̀kan dúró, kí èkejì dùbúlẹ̀. Bí rìsífà yín bá ní failsafe, ìyẹn ohun tó máa ṣe fúnra rẹ̀ bí rédíò bá já, ẹ tò ó kí rudder yí sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀. Bàálù á máa yí po bọ̀ nílẹ̀ nítòsí yín, kò ní bá afẹ́fẹ́ lọ sí àdúgbò ẹlòmíràn.

Wíwọ̀n

Ìgbésẹ̀ yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, òun sì ni ọ̀pọ̀ bàálù tuntun ń kú lé lórí. Ẹ to ohun gbogbo sínú, títí kan bátìrì, ẹ de apá mọ́ ọn. Ẹ fi báírò sàmì sábẹ́ apá ní 65 mm sí etí iwájú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, nítòsí ara. Ẹ fi orí ìka kọ̀ọ̀kan gbé bàálù náà níbi àmì yìí, nínú yàrá tí fáànù kò ti ń fẹ́.

Bí ìrù bá wálẹ̀, ìrù ti wúwo jù. Ẹ kọ́kọ́ ti bátìrì síwájú títí á fi kan imú. Tí kò bá tó, ẹ fi òjé kún un. Òjé apẹja dára, òjé tí wọ́n fi ń ṣe wheel balancing táyà sì tún rọrùn jù torí ó ti ní ohun tó máa fi lẹ̀ mọ́ra. Ó ṣeé ṣe kí ó gbà tó 40 gíráàmù. Ẹ máa fi kún un títí bàálù á fi dúró gbọọrọ tàbí kí imú tẹ̀ síwájú díẹ̀. Imú tó wúwo máa ń jẹ́ kí bàálù sáré díẹ̀, ẹ ṣì lè gbé e balẹ̀. Ìrù tó wúwo kò ní jẹ́ kí ẹ darí rẹ̀ rárá.

Ẹ tún fi ìka kan gbé imú, ìka kan gbé ìrù, kí ẹ wo bóyá apá kan wúwo ju èkejì lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìṣó kékeré kan nínú ṣóńṣó tó fúyẹ́ á tún un ṣe.

Pápá àti òfin

Pápá tó gbòòrò tí koríko rẹ̀ ga dé kókósẹ̀ ni kí ẹ wá, tí kò sí wáyà iná, tí kò sí ọjà, tó sì jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú. Ní ìhà Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀ ló dára jù, kí ilẹ̀ tó gbóná. Bí ewé igi bá ń mì pẹ̀lú ẹ̀ka rẹ̀, ẹ padà sílé.

Òfin kì í fi ti pé ó jẹ́ nǹkan eré ṣe. Ní Nàìjíríà, NCAA, àjọ ọkọ̀ òfurufú, àti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààbò orílẹ̀-èdè, ONSA, ló ń bójú tó ohun tó ń fò láìsí awakọ̀ nínú; ẹ béèrè àṣẹ kí ẹ tó jáde. Ní Bìrìtìkó, ẹ gbọ́dọ̀ gba Flyer ID àti Operator ID lọ́dọ̀ CAA, àjọ ọkọ̀ òfurufú tiwọn, gíga tí ẹ kò sì gbọ́dọ̀ kọjá lásán ni mítà 120. Ní Amẹ́ríkà, ẹ ṣe ìdánwò TRUST tó jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ẹ sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ FAA, àjọ ọkọ̀ òfurufú ibẹ̀, torí bàálù yìí ju gíráàmù 250 lọ. Bí ẹgbẹ́ àwọn onígíláídà bá wà nítòsí yín, ẹ dara pọ̀ mọ́ wọn; wọ́n ti ní pápá, ẹnìkan níbẹ̀ á sì gba rìmóòtù lọ́wọ́ yín nígbà tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ dàrú.

Fífò

Ẹ kọ́kọ́ tan rìmóòtù kí ẹ tó tan bàálù. Ẹ dán rédíò wò lórí agbára kékeré, kí ẹ rìn tó ìgbésẹ̀ 30 kúrò níbẹ̀, kí ẹ wo bóyá rudder ṣì ń gbọ́.

Jíjù àkọ́kọ́: ẹ kọjú sí afẹ́fẹ́, ẹ di ara bàálù mú lábẹ́ apá, ẹ sáré díẹ̀, kí ẹ sì tì í jáde ní gbọọrọ, kí imú kọjú sí ilẹ̀ tó wà ní bíi mítà 25 níwájú. Ẹ má jù ú sókè. Bó bá lọ tààrà tó sì rọra balẹ̀, ẹ ti ṣe é. Bí imú bá gbé sókè, tó dúró, tó wá rì, ẹ wo ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá tọ̀nà, ẹ fi trim, bọ́tìnnì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá rìmóòtù, sọ elevator kalẹ̀ díẹ̀. Bó bá kàn ń rì lọ tààrà, ẹ gbé e sókè díẹ̀. Bó bá ń yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ wo bóyá apá lọ́ kí ẹ tó di ẹ̀bi ru rudder. Ẹ máa tún un jù títí tí kò fi ní nílò ọwọ́ yín rárá kó tó balẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni okùn. Rọ́bà oníhò mítà 15, irú èyí tó nípọn ní bíi 8 mm, ẹ so okùn ìpẹja mítà 50 mọ́ ọn, ẹ fi òrùka irin sí ìpẹ̀kun rẹ̀, kí ẹ sì so aṣọ pupa kékeré mọ́ ẹ̀gbẹ́ òrùka kí ẹ lè rí ibi tó máa já sí. Èèkàn irin ló máa di rọ́bà mú nílẹ̀. Kí ó gùn tó 40 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ sì gbá a wọlẹ̀ dáadáa, kí orí rẹ̀ fì sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ yín. Èèkàn tó bá fà tu á bọ̀ wá bá yín bí ọta ìbọn, nítorí náà ẹ fà á wò kí ẹ tó fa rọ́bà.

Ìkọ́ abẹ́ bàálù máa wà ní 15 mm níwájú àmì 65 mm yẹn. Ẹ fi òṣùwọ̀n oníṣípíríǹgì, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹja, fa okùn náà: kílò méjì sí méjì ààbọ̀ ló tó, ìyẹn ìwọ̀n bàálù lọ́nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ sàmì sílẹ̀ níbi tí ẹ dúró sí, kí ẹ má máa méfò nígbà mìíràn. Ẹ kọjú sí afẹ́fẹ́, ẹ fi òrùka kọ́ ìkọ́, ẹ gbé imú sókè díẹ̀, ẹ tì í lọ. Ẹ má fọwọ́ kan elevator. Bó bá fì sí ẹ̀gbẹ́, rudder díẹ̀ péré. Nígbà tí rọ́bà bá ti rọ̀ tán, òrùka á yọ fúnra rẹ̀, ẹ óò rí aṣọ pupa tó ń bọ̀ nílẹ̀. Láàárọ̀ tí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́, fífò kọ̀ọ̀kan á tó bí ìṣẹ́jú kan.

Ohun tó máa dojú rú fún yín ni ìgbà tí bàálù bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, torí ọ̀tún rẹ̀ ti di òsì yín. Ẹ má ronú nípa ọ̀tún àti òsì. Apá tó bá rẹlẹ̀, ìhà ibẹ̀ ni kí ẹ ti ọ̀pá rìmóòtù sí, á gbé e sókè. Ẹ máa yí po ní ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, ẹ má jẹ́ kí ó kọjá sẹ́yìn yín. Kí ẹ tó balẹ̀, ẹ kọjú rẹ̀ sí afẹ́fẹ́ nígbà tó ṣì ga ju igi lọ, kí ẹ sì jáwọ́. Ìwọ̀nba elevator díẹ̀ nígbà tó bá ku ẹsẹ̀ kan sí ilẹ̀.

Bí ọwọ́ bá ti mọ́ ọn, ẹ dúró títí di aago mẹ́wàá, nígbà tí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná. Bí ẹ bá rí i tí apá kan kàn ṣàdédé gbé sókè láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kàn án, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń gòkè ló wà ní ìhà yẹn. Ẹ yí sí i, kí ẹ máa yí po nínú rẹ̀. Ẹ máa wo àwòdì náà. Ibi tí wọ́n bá ti ń yí, ọ̀fẹ́ ni afẹ́fẹ́ ibẹ̀.

Bí imú bá fọ́, gọ́ọ̀mù gbígbóná àti sẹ́lótéèpù ni, lórí koríko níbẹ̀. Bí apá bá kán, ẹ la ojú rẹ̀, ẹ fi plywood so egungun, ẹ lẹ̀ ẹ́ lórí tábìlì. Àtúnṣe máa ń yí ìwọ̀n padà, nítorí náà ẹ tún gbé e sórí ìka méjì kó tó padà sí pápá. Rọ́bà okùn náà kì í fẹ́ oòrùn: tí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ wọ́n pàúdà sí i, ẹ ká a sínú àpò dúdú. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i tí ara rẹ̀ ń là kéékèèké, ẹ gé ibẹ̀ dà nù kí ẹ so ìyókù pọ̀, kó má bàa já nígbà tí ẹ bá fà á tán.